Aṣọ Sójà àti Ẹnu Ajagunfẹ̀yìntì

Ní Amẹ́ríkà, ó ṣòro kí èèyàn wọ pápákọ̀ òfurufú ńlá kan kó má rí sójà nínú aṣọ iṣẹ́, ó sì ṣòro kó má rí ẹni tó ti wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun níbẹ̀ báyìí tó bíi mílíọ̀nù 1.3, àwọn tó ti ṣe é rí tí wọ́n ṣì wà láyé sì sún mọ́ mílíọ̀nù 18. Èyí ni pé fún sójà kan ṣoṣo tó ń rìn lọ, èèyàn tó lé ní mẹ́wàá ló wà nílùú tó ń fi ojú ẹni tó mọṣẹ́ wò ó. Wọ́n mọ bó ṣe yẹ kí fìlà jókòó lórí, wọ́n mọ ibi tó yẹ kí okùn bàtà fara pamọ́ sí, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ jáde nínú àpò. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn: bí ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun bá rí sójà tí aṣọ rẹ̀ kò bá òfin mu, ṣé ó yẹ kó dá a dúró kó bá a wí? Àwọn kan ní ojúṣe ni. Àwọn kan ní àyọjúràn ni. Ọ̀rọ̀ náà tóbi ju bó ṣe ń dún létí lọ, torí ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni ẹni tó láṣẹ lórí ọmọ-ogun nínú ìlú tí alágbádá ń ṣàkóso, ibi tí àṣẹ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Èrò mi ni pé kò yẹ kó bá a wí, kódà bó bá mọ òfin náà lórí. Ó lè sọ fún un wẹ́rẹ́ bí aráàlú ṣe ń sọ fún ara wọn pé okùn bàtà rẹ ti tú. Ó lè dákẹ́. Ó lè lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ohun tó rí bá burú. Ṣùgbọ́n kí o pe èèyàn dúró, kí o ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí, kí o sì dúró tì í títí yóò fi tún aṣọ rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ ni ìyẹn, ẹni tó bá sì ń ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n lè pè wá jíhìn lórí bó ṣe ṣe é. Ajagunfẹ̀yìntì lè ní ìmọ̀, ó lè ní ìfẹ́, ó lè ti fara gba ọta nítorí aṣọ yẹn. Ohun tí kò ní mọ́ ni ọ̀gá tó lè bi í pé kí ló dé tó fi sọ ohun tó sọ, níbi tó ti sọ ọ́, sí ẹni tó sọ ọ́ sí. Gbogbo àgbéyẹ̀wò yìí dá lórí kókó kan yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ aṣọ ṣe pàtàkì, torí àwọn kan máa ń gbèjà ọ̀dọ́ sójà nípa bíbéèrè pé kí ni bọ́tìnnì fẹ́ ṣe lójú ogun. Ní oṣù kejì ọdún 1943, àwọn ọmọ-ogun Jámánì na àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìnà ìtìjú ní Kasserine, nílẹ̀ Tunisia. Nígbà tí wọ́n gbé ẹgbẹ́ ọmọ-ogun náà lé ọ̀gágun George Patton lọ́wọ́ ní oṣù kẹta, lára ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pàṣẹ kí gbogbo wọn máa dé àṣíborí, kí wọ́n máa so táì, kí ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ sì san owó ìtanràn. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn ọmọ-ogun kan náà ti dá ọkọ̀ ogun Jámánì dúró ní El Guettar. Táì kọ́ ló dá wọn dúró, àmọ́ ẹni tó bá ń pa àṣẹ kékeré mọ́ nígbà tí ara rọ̀ á lè pa àṣẹ ńlá mọ́ nígbà tí ìbọn bá ń dún. Ìtàn tún ní apá kejì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin 1865, nígbà tí Robert Lee, ọ̀gágun àwọn ará Gúúsù nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, wá túúbá ní Appomattox, aṣọ tó dára jù tó ní ló wọ̀, idà tó ń kọ mànà sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ulysses Grant, ọ̀gágun àwọn ará Àríwá tí Lee wá túúbá fún, wọ aṣọ sójà lásán tí wọ́n rán àmì ọ̀gágun mọ́, ẹrẹ̀ sì wà lára bàtà rẹ̀. Nínú ogun àgbáyé kejì, Bill Mauldin ń ya àwòrán sójà méjì tí wọn kì í fá irùngbọ̀n, tí aṣọ wọn dọ̀tí, sínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọ-ogun. Inú bí Patton débi pé ó ránṣẹ́ pè é ní ọdún 1945, ó sì jágbe mọ́ ọn. Ọdún yẹn náà ni Mauldin gba ẹ̀bùn Pulitzer, àwọn tó wà lókè Patton kò sì jẹ́ kó lé e kúrò nínú ìwé ìròyìn náà. Mo fẹ́ kí a fi ojú sí èyí dáadáa. Patton tó ń báni wí lórí aṣọ jù nínú gbogbo wọn, òun pàápàá ní ọ̀gá tó lè sọ fún un pé ó tó.

Bí ìbáwí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà lónìí náà nìyẹn. Ìwé òfin tó ń darí aṣọ àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ ni AR 670-1. Àwọn ti ojú omi, ti òfurufú àti àwọn Marine ní tiwọn. Àwọn tí wọ́n fi ìwé náà lé lọ́wọ́ ni àwọn olórí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun àti àwọn sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì tó bá rí aṣọ tí kò tọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ bí ẹni tí kò rí i. Àtúnṣe ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ láti ṣe, àní fún sójà tí kì í ṣe ti abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó láti ìta lè rò pé ẹnu líle àti ojú kíkan ló fún un lágbára, ṣùgbọ́n ohun tó dè é pọ̀ ju ohun tó tú u sílẹ̀ lọ. Òfin tó fi mú ọmọdé, òun náà ló mú òun. Bó bá bú u, bó bá dójú tì í ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó bá tì í láàyà, ọ́fíìsì wà tí ọmọ náà lè gbé ẹ̀sùn lọ, sájẹ́ǹtì àgbà sì wà tí yóò pe òun náà wọ yàrá. Bó bá ṣi òfin kà, wọn yóò ṣí ìwé níwájú rẹ̀. Ó lè mọ̀ pé ọmọ náà kò sùn lánàá, pé ìyàwó rẹ̀ bímọ, pé aṣọ tó wà lára rẹ̀ nìkan ló kù torí ẹrù rẹ̀ sọnù lójú ọ̀nà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n rí, ó lè béèrè orúkọ sájẹ́ǹtì rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè délé. Lọ́la, ẹnì kan yóò tún rí ọmọ yẹn, yóò sì mọ̀ bóyá ó ti ṣàtúnṣe. Ìbáwí ajagunfẹ̀yìntì ní ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ òfurufú kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ó sọ̀rọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ gbéra, ó parí.

Òfin ìjọba àpapọ̀ pàápàá kò fi èyí sínú òkùnkùn. Nínú ìwé òfin kẹwàá, tó jẹ́ ti àwọn ológun, abala 750 sọ ọ́ ní ṣókí pé ọ̀gá ológun tó ti fẹ̀yìntì kò ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ àfi tí wọ́n bá dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọ̀gágun oníràwọ̀ mẹ́rin tó fẹ̀yìntì lánàá kò bá lè pàṣẹ fún sójà lónìí, a jẹ́ pé ti sájẹ́ǹtì tó kúrò ní ọdún 1991 ti yanjú. Ẹnìkan lè dáhùn pé òfin ológun ṣì ń mú ajagunfẹ̀yìntì. Òótọ́ ni. Òfin ìdájọ́ ológun tí wọ́n ṣe ní ọdún 1950 ka àwọn tó fẹ̀yìntì tí wọ́n ṣì ń gba owó ìfẹ̀yìntì mọ́ àwọn tí kóòtù ológun lè dá lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n kí òfin mú ọ yàtọ̀ sí kí o máa fi òfin mú ẹlòmíràn. Ẹlẹ́wọ̀n wà lábẹ́ òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n, kò sọ ọ́ di wọ́dà. Yàtọ̀ sí èyí, ogún ọdún ni sójà máa ń lò kí owó ìfẹ̀yìntì tó kàn án, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú mílíọ̀nù 18 yẹn ni kò lò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, wọ́n gba ìwé ìdásílẹ̀, wọ́n lọ. Aráàlú ni wọ́n pátápátá. Sójà tó bá kọ̀ sí àṣẹ ọ̀gá rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n lábẹ́ òfin yẹn. Sójà tó bá kọ etí dídi sí àgbà kan nínú ṣọ́ọ̀bù kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àwọn Marine máa ń sọ pé ẹni tó bá di Marine ti dì í títí ayé, mi ò sì fojú kéré ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Orílẹ̀-èdè náà gan-an bọ̀wọ̀ fún un: láti ọdún 2008 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti fún àwọn tó ti jagun rí lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ọwọ́ kí àsíá bí ológun bí wọ́n tilẹ̀ wọ aṣọ ilé. Wọ́n fún wọn ní ọlá náà, wọn kò fi àṣẹ kún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lágbára jù fún mi ni pé òfin aṣọ kì í dúró lójú kan. Ẹ jẹ́ ká mú sójà orí ilẹ̀ kan tó kúrò níṣẹ́ ní ọdún 2000. Nígbà tirẹ̀, bàtà dúdú ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì ń kùn ún títí yóò fi máa dán bíi dígí; aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń fi sítáàṣì lọ̀. Ní oṣù kẹfà 2001, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ-ogun orí ilẹ̀ máa dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì dúdú. Láti 2004, aṣọ mìíràn dé tí kò gba sítáàṣì, bàtà rẹ̀ kò sì gba pólíìṣì. Nígbà tó fi di 2008, bàtà dúdú ti kúrò lára aṣọ iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ní 2011, wọ́n dá fìlà tó ní ìbòjú padà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, bẹ́rẹ́ẹ̀tì náà sì lọ sẹ́yìn. Ní oṣù keje 2015, àwọ̀ aṣọ tún yí padà, ṣùgbọ́n wọn kò ká èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kúrò títí di òpin oṣù kẹsàn-án 2019. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, sójà méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú aṣọ méjì tí àwọ̀ wọn kò bára mu, kí àwọn méjèèjì sì wà lórí òfin. Ní 2016, wọ́n tún gbà kí wọ́n máa ká apá aṣọ sókè, ohun tí wọ́n ti kọ̀ fún wọn láti ìgbà tí aṣọ 2004 ti dé. Ní 2018, wọ́n kéde aṣọ àwọ̀ ewé tó jọ ti ìgbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n sì fún àwọn sójà ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi rọ́pò aṣọ búlúù wọn. Ní 2021, àwọn obìnrin lè di irun wọn sẹ́yìn kó máa fì bí ìrù ẹṣin. Ọdún yẹn náà ni ẹ̀ka òfurufú gbà kí èèyàn ti ọwọ́ bọ àpò bó bá ń rìn, kó sì máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójú ọ̀nà. Ní 2022, àwọn ti orí ilẹ̀ gbà kí wọ́n fín àmì kékeré sí ọwọ́. Sójà ọdún 2000 wa yìí, bó bá ń fi ohun tí wọ́n kọ́ ọ báni wí, lè kọjá lára èèyàn mẹ́wàá tó wà lórí òfin kó sì bá gbogbo wọn jà, tọkàntọkàn, pẹ̀lú ìfẹ́.

Ìwé òfin aṣọ náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìmọ̀ aṣọ ní ìgbà tirẹ̀. Ó gbà kí ẹni tó ti fẹ̀yìntì wọ aṣọ ológun lọ síbi àwọn ayẹyẹ kan, ó sì fún un ní yíyàn méjì: kó wọ irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ nígbà tó fẹ̀yìntì, tàbí kó wọ ti òde òní. Kò gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀. Èmi kò rí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ láti bu ọlá fún ìgbà èèyàn láìjẹ́ pé ó fi ìgbà rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún ìgbà ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò ní ìyẹn rọrùn, kí ẹni tó bá fẹ́ báni wí lọ ka òfin tuntun. Àwọn kan sì ń kà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò tó, torí àwọn àyè kan wà tí òfin yọ̀ǹda fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ojú kò lè rí. Ní ọdún 1986, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi ìbò márùn-ún sí mẹ́rin sọ pé ẹ̀ka òfurufú lè kọ̀ fún ọ̀gá kan tó jẹ́ Júù láti dé fìlà pẹlẹbẹ ẹ̀sìn rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn aṣòfin yí i padà. Ní 2016, ọ̀gá kan tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Síìkì, Simratpal Singh, gba ìyọ̀ǹda láti máa we láwàní kó sì dá irùngbọ̀n sí, nígbà tó sì di oṣù kìíní 2017, wọ́n ṣe ìlànà tó jẹ́ kí irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀, títí kan ti híjáàbù, rọrùn láti gbà. Ti irun àwọn obìnrin dúdú kan wa gan-an. Ní oṣù kẹta 2014, òfin tuntun kọ̀ fún wọn láti yí irun, ó kọ dàda, ó sì lo àwọn ọ̀rọ̀ tó dun ọ̀pọ̀ wọn nípa irun tí Ọlọ́run fi dá wọn. Àwọn obìnrin dúdú tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kọ̀wé sí mínísítà ètò ààbò, Chuck Hagel. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n yọ àwọn ọ̀rọ̀ náà kúrò, wọ́n sì gba díẹ̀ láyè nínú àwọn irun náà. Ní 2017, wọ́n gba dàda. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ètò kan tí wọ́n kéde ní ìparí 2008 láti gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí iṣẹ́ ológun nílò ka Yorùbá, Haúsá àti Ígbò mọ́ àwọn èdè náà, àwọn tó sì ti ní ìwé ìgbélùú tẹ́lẹ̀ ti ń wọlé kó tó di ìgbà yẹn. Ọmọbìnrin tó di irun rẹ̀ ní ọ̀nà tí òfin 2021 gbà, tí àgbà kan wá dá dúró nínú ṣọ́ọ̀bù pé irun rẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́, kò ní gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ òfin. Ó ti gbọ́ ọ níbòmíràn tẹ́lẹ̀, láti ẹnu àwọn tí kì í ṣe ológun.

Ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n tún nira ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin dúdú ni abẹ máa ń pa lára. Irun wọn á ká padà sínú awọ, àgbọ̀n wọn á sú, á sì máa dùn wọ́n. Ìwé dókítà ni iṣẹ́ ológun fi ń yanjú èyí, sójà a sì máa mú un káàkiri. Ní òpin oṣù kẹsàn-án 2025, mínísítà ètò ààbò, Pete Hegseth, kó àwọn ọ̀gágun jọ sí Quantico, ó sì kéde pé ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n yóò padà sí bó ṣe wà kó tó di 2010. Àwọn àgbà kan yóò rí èyí bí ẹ̀rí pé àwọn ni wọ́n ń sọ òótọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò fara mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ìkéde náà, pàápàá ohun tó lè kó bá àwọn tí àgbọ̀n wọn kò gba abẹ. Àmọ́ ìlànà tuntun yẹn pàápàá fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ dókítà, bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì tó ṣe é jẹ́ ọ́fíìsì tí àwọn aṣòfin lè pè, tí kóòtù lè pè, tí ìdìbò sì lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀. Àgbà tó wà lójú pópó kò ní àṣẹ láti béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ sójà, kò sì pọn dandan kí sójà fi hàn án. Ó wá ń dá ẹjọ́ tí kò lè rí ẹ̀rí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí Yorùbá tó ń ka èyí ti ń sọ lọ́kàn: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àtakò tó lágbára jù lọ nìyí, mi ò sì fẹ́ fò ó. Nílẹ̀ wa, ìbáwí jẹ́ ti gbogbo àdúgbò. Ọmọ tí aládùúgbò kò lè bá wí, a máa ń kọminú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìbáwí yẹn ṣe ń rí. Àgbà tó bá ọmọ ọlọ́mọ wí mọ ilé tí ọmọ náà ti wá, àwọn òbí rẹ̀ mọ àgbà náà, bó bá sì ṣe é ju bó ṣe yẹ, wọn yóò dé ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, baálé yóò dá sí i, yóò sì tọrọ àforíjì bó bá jẹ̀bi. A ń jẹ́ kí àgbà báni wí torí pé a lè bi àgbà náà léèrè. Mú àgbà kan náà lọ sí ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, kó máa dá ọmọ tí kò mọ̀ dúró lójú títì, kò sí ìyá Yorùbá kan tí yóò fọwọ́ sí i. Nínú òwe náà gan-an, àgbà kàn tún orí ọmọ ṣe lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun mìíràn tún wà: ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àgbà nínú iṣẹ́ ológun. Ọ̀gá ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ń pàṣẹ fún sájẹ́ǹtì ọmọ ogójì ọdún, sájẹ́ǹtì náà á sì kí i ní ‘sà’. Iṣẹ́ tó fi àṣẹ ṣáájú ewú kò lè gba ewú nìkan gẹ́gẹ́ bí àṣẹ.

Àtakò kejì ni pé àwọn sájẹ́ǹtì òde òní kì í ṣe iṣẹ́ wọn mọ́, pé wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀sùn, pé bí àwọn àgbà bá dákẹ́, aṣọ náà yóò di yẹpẹrẹ. Ká gbà pé òótọ́ ni níbòmíràn. Ẹni tó ṣẹ̀ nígbà náà ni sájẹ́ǹtì, sójà kékeré ló wá ń jẹ ìyà ẹnu. Bí àgbà kan bá bá ọmọ náà wí lójú pópó, tí ọmọ náà sì tún fìlà rẹ̀ ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àléébù sájẹ́ǹtì ti fara pamọ́. Lọ́la yóò tún rán ọmọ mìíràn jáde bẹ́ẹ̀. Bí àgbà náà bá kọ lẹ́tà, tàbí tó tẹ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun náà láago pé òun ń rí àwọn ọmọ yín báyìí báyìí ní ibùdókọ̀ wa, kò ní láti dárúkọ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà yóò sì dé ibi tí àtúnṣe ti lè fi ara rọ̀. Ó jọ ohun kékeré, kò sì dùn tó kí èèyàn pàṣẹ kí ọ̀dọ́ kan wá gbọ́. Mo gbà pé apá kan nínú ìdùnnú ìbáwí yìí ni pé ó dá ẹni tó ti kúrò níṣẹ́ padà síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ tirẹ̀. Mo káàánú rẹ̀. Bíbọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún máa ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Ṣùgbọ́n ara sójà ọmọ ogún ọdún kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti máa wo ọgbẹ́ yẹn sàn.

Nígbà tí orílẹ̀-èdè bá fẹ́ kí ajagunfẹ̀yìntì báni wí lórí aṣọ, ó mọ bó ṣe ń ṣe é. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri Amẹ́ríkà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní JROTC, níbi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń kọ́ ìlànà ológun. Láàárín àwọn tó ń kọ́ wọn, àwọn tó ti fẹ̀yìntì pọ̀. Wọ́n ń wọ aṣọ wọn lọ sí kíláàsì, wọ́n ń yẹ aṣọ àwọn ọmọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń gba àmì kúrò lára ẹni tó bá kọ̀. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i. Wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ lè dá wọn dúró, òbí lè wá fẹjọ́ sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajagunfẹ̀yìntì tí wọ́n pè padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà ogun. Ìmọ̀ tó wà lórí wọn kò yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n wà nílé. Ohun tó yí padà ni pé ẹnìkan ti gbà láti dúró fún ohun tí wọ́n bá ṣe.

Ti àwọn afàwọ̀rajà yàtọ̀ díẹ̀, ìyẹn àwọn tó wọ aṣọ tí kì í ṣe tiwọn. Òfin 2005 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti parọ́ pé èèyàn gba àmì ẹ̀yẹ ogun. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fagi lé e ní 2012, torí wọ́n ní irọ́ lásán, bó ti wù kó burú tó, wà lábẹ́ òmìnira ọ̀rọ̀. Ní 2013, àwọn aṣòfin ṣe òmíràn tó mú kìkì ẹni tó fi irọ́ náà wá owó tàbí àǹfààní kan. Èyí tó ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni iṣẹ́ ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba. Àwọn kan ti fi fóònù ká àwọn tí wọ́n fura sí sílẹ̀, wọ́n ti pariwo mọ́ wọn níta gbangba, ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí wọ́n pè ní afàwọ̀rajà jẹ́ ẹni tó jagun lóòótọ́, tí àléébù aṣọ rẹ̀ jẹ́ àṣìṣe tàbí ogbó. Fóònù yẹn náà ló wà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń bá ọ̀dọ́ sójà wí. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kò rò: sójà tó wà nínú aṣọ iṣẹ́ kò lè fèsì bí aráàlú. Bó bá jágbe padà, aṣọ náà ni yóò sọ pé ó dójú tì, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì gbọ́. Ẹni tó ń báni wí ní òmìnira aráàlú, ẹni tí wọ́n ń bá wí kò ní in. Bí ẹnu ẹnì kan ṣe ṣí tí ti èkejì sì wà ní dídì, ó yẹ kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣí kó ara rẹ̀ níjàánu.

Kò túmọ̀ sí pé àgbà gbọ́dọ̀ fọ́jú. Bí àmì orúkọ ọmọ náà bá ń já bọ́, bí síìpù ṣòkòtò rẹ̀ bá ṣí, bó bá ń lọ síbi ìsìnkú ológun tí bẹ́rẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì yí sẹ́yìn, kí àgbà náà sún mọ́ ọn, kó rẹ ohùn sílẹ̀, kó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ran èèyàn lọ́wọ́, kó sì fi í sílẹ̀ láti pinnu. Bó bá rí sójà tó mutí yó nínú aṣọ iṣẹ́ tàbí tó ń lu èèyàn, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ aṣọ. Kó pe ọlọ́pàá bí aráàlú yòókù ṣe máa ṣe. Sójà náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ẹni tí àgbà bá dá dúró lórí aṣọ, kó sọ pé ‘Ẹ ṣé, sà,’ kó yẹ ara rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe bó bá rí i pé òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ òfin àtijọ́ ni àgbà náà ń sọ, kò sí ìdí láti ṣí ìwé òfin fún un níwájú èrò. Ìdáhùn kan náà tó. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó nà ró bí ẹni tó wà níwájú ọ̀gá, kò sì gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà rẹ̀ jáde fún ẹni tí kò mọ̀. Sájẹ́ǹtì rẹ̀ wà fún ìyẹn, bí sájẹ́ǹtì náà bá sì gbọ́ pé àgbà kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ òun, òun náà lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá ohun kan wà tó yẹ kí òun ti rí kí ọmọ náà tó jáde nílé.